Níbo ló yẹ kí àkọsílẹ̀ eré D&D máa gbé?

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Sheffield ni mò ń gbé, èmi sì ni DM, ìyẹn olùdarí eré, fún ẹni márùn-ún tí a jọ ń ṣe D&D. Àwọn mẹ́ta wà níbí pẹ̀lú mi, ọ̀kan wà ní Ìbàdàn, ọ̀kan wà ní Èkó. Ó ti lé lọ́dún kan tí a ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Àkọsílẹ̀ mi wà nínú Google Docs, ó wà lórí WhatsApp, ó wà nínú ìwé àjákọ, mo tún ń sanwó fún World Anvil, ìkànnì tí wọ́n ti ń kọ ayé inú ìtàn sílẹ̀, mo sì ra Foundry, ètò tó ń gbé tábìlì eré sórí kọ̀ǹpútà. Níjọ́sí, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé kí lorúkọ obìnrin atukọ̀ tí wọ́n ṣèlérí owó fún nígbà tó gbé wọn sá kọjá odò. Mo wá a títí, n kò rí i. Mo dá orúkọ mìíràn sọ, gbogbo wọn ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo lọ sílé ní Kérésìmesì, Foundry tí mo rà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Ápù wo gan-an ni mo lè kó gbogbo rẹ̀ sí kí ọkàn mi balẹ̀?”

Àbúrò mi, o kú ìnáwó, o sì kú ìrọ́jú. Ẹni tó darí irú eré yìí fún ohun tó lé lọ́dún kan láìjẹ́ kó tú ká ti ṣe bẹbẹ, torí ọ̀pọ̀ ni kì í pẹ́ tó fi ń fọ́n ká. Ìbéèrè rẹ dà bí ìbéèrè nípa ápù, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. O ti ní ápù tó pọ̀ tó. Ohun tó ń dà ọ́ láàmú ni pé orúkọ obìnrin kan ṣoṣo lè wà ní ibi márùn-ún, kò sì sí èyí tí o lè fi ọwọ́ sọ̀yà nínú wọn. Bí mo bá dárúkọ ápù kẹfà fún ọ lónìí, ibi kẹfà ni mo fi kún un fún ọ.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré tí à ń sọ: Dungeons & Dragons ni wọ́n gé kúrú sí D&D. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé e jáde lọ́dún 1974, láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ TSR ní ìlú Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Àwọn olùkópa á jókòó yí tábìlì ká, oníkálùkù á ní ẹnìkan tó dúró fún nínú ìtàn, bóyá jagunjagun, bóyá olóògùn, bóyá olè. Olùdarí, ìyẹn DM, ló ń sọ bí ayé inú ìtàn náà ṣe rí, òun ló sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo ẹlòmíì tí wọ́n bá pàdé lọ́nà, àwọn tí à ń pè ní NPC. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dí, dáìsì ló ń dájọ́. Ìtàn kan lè gba oṣù, ó lè gba ọdún, kampéènì là ń pè é. Kò sí ẹni tó ti kọ ìtàn náà tán sínú ìwé. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá kọ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, inú orí ènìyàn mẹ́fà ló kù sí, oníkálùkù sì ní bó ṣe rántí tirẹ̀.

Jẹ́ ká tú ohun tó ti lọ́ pọ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta lò ń fẹ́ kí nǹkan kan ṣoṣo bá ọ ṣe. Ọ̀kan ni ìrántí: ta ni ta, kí ni wọ́n ṣe, ta ni wọ́n jẹ lówó. Èkejì ni tábìlì fúnra rẹ̀: máàpù, dáìsì, ohùn, ìrísí ibi ìjà, pàápàá fún àwọn tí kò sí lójú kan náà pẹ̀lú yín. Ẹ̀kẹta ni ìpàdé: ọjọ́ wo, aago mélòó, ta ni kò ní lè wá. Ápù tó bá mọ ọ̀kan ṣe dáadáa sábà máa ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú àwọn yòókù. Foundry lè gbé máàpù tó lẹ́wà jù lọ sójú ẹ, ṣùgbọ́n bí o bá kọ ìtàn ọdún kan sínú rẹ̀, ó di dandan kí o tan sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé e, kí o tó lè ka orúkọ ènìyàn kan. WhatsApp dára fún “ẹ má gbàgbé Sátidé o”, ṣùgbọ́n ohun tí o bá sọ níbẹ̀ lónìí, ẹ̀rín àti àwòrán á ti bò ó mọ́lẹ̀ lọ́la. Mú ohun kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí o sì jẹ́ kó jẹ́ òfin fún ara rẹ pé ibì kan ṣoṣo ni òtítọ́ ìtàn ń gbé. Ibi yòókù lè ní ẹ̀dà; bí méjèèjì bá takora, ibì kan yẹn ló ń borí.

Èmi yóò pẹ́ díẹ̀ lórí ìrántí, torí ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta ọ́ lẹ́sẹ̀. Ohun tó ń sọ àkọsílẹ̀ DM di aláìwúlò kì í ṣe pé kò kọ̀wé tó. Ohun tí kò ní í ṣe pẹ̀lú tábìlì ló ń kọ jù. Ṣí ojú ewé fún ìlú tuntun lórí World Anvil, yóò bi ọ́ nípa ìjọba, nípa òwò, nípa ààbò, nípa ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó. Àwọn ìbéèrè tó dára ni, ó sì dùn láti dáhùn wọn. Ẹni tó bá fẹ́ràn àtidá ayé sílẹ̀ fún ìgbádùn ara rẹ̀, mo bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀ sí ìmúrasílẹ̀ fún Sátidé. Àwọn olùkópa kì í rántí ẹni tó tẹ ìlú dó. Wọ́n á rántí obìnrin tó gbé wọn sọdá odò nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń lé wọn, torí pé àwọn ló bá a dúnàádúrà, àwọn ló sì jẹ ẹ́ lówó. Ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ ìwé. Mo lè sọ láìfọ̀tá pè pé o ní ojú ewé tó kún dẹ́múdẹ́mú lórí àwọn ọba tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí, tí o kò sì ní ìlà kan lórí atukọ̀ yìí.

Ojú ewé rẹ̀ kò sì ní láti gùn. Ká ní Àbẹ̀ní ni a sọ ọ́. Ní ìlà àkọ́kọ́, kọ ibi tí wọ́n ti lè rí i: èbúté ìsàlẹ̀ odò, lẹ́yìn ọjà ẹja. Ní ìlà kejì, kọ ohun tó ń fẹ́: kí agbowó ibodè dá ọmọkùnrin rẹ̀ sílẹ̀. Ìlà kẹta ni ohun tó mọ̀ tí àwọn olùkópa kò tíì mọ̀: ó mọ ẹni tó ń kó iyọ̀ wọ̀lú lóru. Ìlà kẹrin ni bí o ó ṣe sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀ kíákíá nígbà tí wọ́n bá tún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀: ohùn rẹ̀ há, kì í wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, omi ló ń wò. Ìlà tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù: ohun tó wà láàárín òun àti wọn. Wọ́n ṣèlérí 50 owó wúrà, wọn kò tíì san kọ́bọ̀, olóògùn inú wọn ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ búra. Ìlà márùn-ún péré, kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta láti kọ. Nígbà tí wọ́n bá padà débẹ̀ lẹ́yìn oṣù méje, ìlà karùn-ún yẹn nìkan tó láti dá eré alẹ́ kan sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ọjọ́. Lálẹ́ tí ẹ bá parí eré, kí o tó sùn, kọ ọjọ́, ẹni tó wá, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn mélòó kan, orúkọ gbogbo ẹni tuntun tí o dá sílẹ̀ lójijì, ìlérí tí wọ́n ṣe, àti ibi tí wọ́n dúró sí gan-an. Fi ọjọ́ inú ìtàn náà sí i pẹ̀lú. Gygax tẹnu mọ́ ọn gidigidi nínú ìwé olùdarí tó kọ lọ́dún 1979 pé kí DM máa ka ọjọ́ inú ìtàn ní àkàyé, ìdí rẹ̀ sì hàn: bí agbowó ibodè bá ní òun yóò ta ọmọkùnrin náà ní ọjọ́ mẹ́wàá òní, ó yẹ kí o mọ̀ ìgbà tí ọjọ́ mẹ́wàá pé. Má ṣe sọ pé o máa kọ ọ́ lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Orúkọ tí o dá sílẹ̀ lójijì ló máa ń kọ́kọ́ sá lórí, pàápàá tó bá jẹ́ ìwọ tí o ń fi ẹnu ènìyàn mẹ́wàá sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan.

Wàyí o, ibo ni kó o kọ ọ́ sí? Èmi yóò sọ pé Obsidian, ápù ìkọ̀wé kan, èmi yóò sì sọ àbùkù rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti ọdún 2020, gbogbo ohun tí o bá kọ sínú rẹ̀ jẹ́ fáìlì lásán nínú fódà kan lórí kọ̀ǹpútà rẹ. Bí iná bá lọ tí íntánẹ́ẹ̀tì sì lọ, o ṣì lè kà á. Bí Obsidian fúnra rẹ̀ bá parẹ́ lọ́la, ápù ìkọ̀wé èyíkéyìí lè ṣí fáìlì náà. Bí o bá kọ orúkọ Abeni sáàárín àmì onígun méjì-méjì, báyìí: [[Abeni]], ó di líǹkì sí ojú ewé rẹ̀, ojú ewé rẹ̀ náà á sì máa fi gbogbo ọjọ́ tí o ti dárúkọ rẹ̀ hàn ọ́. Ohun tí ò ń wá níjọ́sí tí o kò rí gan-an nìyẹn. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò rọrùn láti fi han ẹlòmíì láìsanwó, ó sì ní iṣẹ́ díẹ̀ kí fóònù Android àti láptọ́ọ̀pù tó jọ máa rí fódà kan náà. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà yóò sanwó oṣù fún Obsidian Sync. Ewu mìíràn ni àwọn àfikún rẹ̀. Wọ́n pọ̀ yanturu: èyí tó ń to ẹni tí ìjà kàn, èyí tó ń ya ojú ewé abàmì ẹ̀dá bíi ti inú ìwé. Ó rọrùn kí gbogbo ìrọ̀lẹ́ rẹ bá a lọ kí o má sì múra eré kankan sílẹ̀. Lo oṣù méjì àkọ́kọ́ láìfi àfikún kan sí i.

Bí èyí bá ti ń sú ọ bí o ṣe ń kà á, má dà á láàmú. Google Docs kan ṣoṣo, tí ó gùn, tí ó ní àkọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, yóò gbé kampéènì rẹ dé ìparí. Ctrl àti F ni ẹ̀rọ ìwákiri rẹ. Ẹ̀bùn 15GB tí Google ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ kò lè kún fún ọ̀rọ̀ lásán láyé. Kanka, ìkànnì tó wà fún irú àkọsílẹ̀ yìí, náà dára tó bá jẹ́ pé o fẹ́ kí àwọn olùkópa máa wọlé kà, torí o lè yan ohun tí oníkálùkù yóò rí, ó sì ṣeé lò lọ́fẹ̀ẹ́. Notion, ápù ìkọ̀wé mìíràn, rẹwà, ó sì yára láti fi tò nǹkan sí tábìlì, ṣùgbọ́n orí sáfà wọn ni gbogbo rẹ̀ ń gbé, èyí tí kò bá ẹni tó ń rìnrìn àjò lọ sílé mu dáadáa. Ìwé àjákọ rẹ ńkọ́? Má jù ú nù. Òun ló yára jù lórí tábìlì, nígbà tí ẹnu ń yá tí dáìsì ń yí. Ṣáà ti rí i pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kọjá sínú ibi kan ṣoṣo yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, kí o sì fa ìlà lé e lórí nígbà tó bá ti kọjá.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń kọ ìmọ̀ràn fún DM lédè Gẹ̀ẹ́sì kì í mẹ́nu bà, torí kò kàn wọ́n, ó sì kan ìwọ tí orúkọ inú ayé rẹ jẹ́ ti Yorùbá. Bí o bá kọ Àbẹ̀ní pẹ̀lú àmì ohùn lọ́jọ́ kan, tí o kọ Abeni lásán lọ́jọ́ kejì, fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Obsidian yóò kà á sí. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà bí ẹ́ kò ní àpapọ̀ kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà; a lè fi ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ ṣe é kí a gbé àmì lé e, a sì lè fi e lásán ṣe é kí a so àmì méjì mọ́ ọn. Bọ́tìnì fóònù rẹ lè ṣe é lọ́nà kan, ti láptọ́ọ̀pù lè ṣe é lọ́nà kejì. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ápù tí kò bá mọ bí a ti ń mú wọn bára dọ́gba, ọ̀rọ̀ méjì ni, ìwákiri rẹ yóò sì padà lọ́wọ́ òfo. Nítorí náà, fi orúkọ fáìlì sílẹ̀ láìní àmì kankan, kí o kọ orúkọ náà dáadáa pẹ̀lú àmì rẹ̀ sí ìlà àkọ́kọ́ inú ojú ewé, kí o sì fi í sí ibi tí Obsidian ń pè ní aliases, ìyẹn àwọn orúkọ mìíràn tí ojú ewé kan ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní sí pé o bu orúkọ náà kù, ìwákiri kò sì ní ṣì ọ́ lọ́nà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ fáìlì tó wà lọ́wọ́ ara ẹni ni pé mo ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí onílé bá yí ìpinnu padà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe eré orí tábìlì ló kó ìjíròrò àti ètò eré wọn sórí Google+, tí wọ́n sì ń ti ibẹ̀ pe ara wọn sórí Hangouts láti ṣeré; ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Google ti ibẹ̀ pa fún gbogbo ènìyàn. D&D Beyond, ìkànnì tí wọ́n ti ń ka ìwé òfin eré tí wọ́n sì ń tọ́jú àwọn ènìyàn inú ìtàn, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2017, Hasbro tó ni Wizards of the Coast, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ eré yìí jáde báyìí, sì rà á lọ́dún 2022. Nígbà tí ìwé òfin tuntun fẹ́ jáde lọ́dún 2024, wọ́n kéde pé àwọn ọfọ̀ àti ohun èlò ti ìwé àtijọ́ lára àwọn ènìyàn inú ìtàn yóò di ti tuntun, bí kampéènì tiẹ̀ wà lágbedeméjì. Ariwo àwọn oníbàárà ló jẹ́ kí wọ́n dá a padà. N kò sọ pé kí o má lò ó. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré, D&D Beyond ń bá a ṣe ìṣirò tí ìbá mú kó sá, ó sì gba ènìyàn inú ìtàn mẹ́fà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí àkáǹtì kan. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù, jẹ́ kí oníkálùkù gba ẹ̀dà PDF tirẹ̀ sílẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé láti oṣù kìíní ọdún 2023, ìwé òfin tí wọ́n ń pè ní SRD 5.1 ti wà lábẹ́ àṣẹ Creative Commons, tí wọn kò sì lè gbà á padà. O lè da àwọn abàmì ẹ̀dá àti ọfọ̀ inú rẹ̀ kọ sínú fódà rẹ, kí o sì pín in fún ẹni tó wù ọ́, bí o bá ṣáà ti sọ ibi tí o ti rí i.

Ó ku Foundry tó kọ̀ fún ọ nílé. Kò bàjẹ́, ìwọ náà kò sì ṣe ohun tí kò yẹ. Nígbà tí o bá lò ó báyìí, kọ̀ǹpútà rẹ gan-an ni sáfà. Ní Sheffield, ráútà ilé rẹ ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, o ṣí ilẹ̀kùn 30000, èyí tí wọ́n ń pè ní port, sílẹ̀ lára rẹ̀, àwọn yòókù gba ibẹ̀ wọlé. Ní Nàìjíríà, bí mo ṣe rò ó, dátà fóònù tàbí MiFi lo lò. Irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ẹni tó ń bọ̀ láti ìta dà bíi lẹ́tà tí wọ́n kọ “Agbo Ilé Baálẹ̀, Ìbàdàn” sí lára láìkọ orúkọ ẹni tó ni ín: ó dé ẹnu ọ̀nà, kò sì mọ yàrá tó ń lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. O lè sanwó oṣù fún ibi tí yóò máa bá ọ gbé Foundry, bíi The Forge, kí o má sì gbé e lórí láptọ́ọ̀pù rẹ mọ́. O lè lo Tailscale, tí yóò so ẹ̀rọ gbogbo yín pọ̀ bíi pé ẹ wà nínú ilé kan. Ó ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ oníkálùkù gbọ́dọ̀ fi sórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Tàbí kí o fi Foundry sílẹ̀ fún ìgbà tí o wà ní Sheffield, kí ẹ lo Roll20 tàbí Owlbear Rodeo nígbà tí o bá lọ sílé, torí orí sáfà tiwọn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, bùráúsà sì tó láti fi wọlé. Ọ̀nà kẹta yìí ni mo fara mọ́ jù.

Kódà, béèrè lọ́wọ́ ara rẹ bóyá gbogbo ìjà ló nílò máàpù. Ẹni tó wà ní Èkó ń fi dátà tí ó fowó ara rẹ̀ rà wo máàpù rẹ. Àwòrán PNG ńlá kan lè tó 10MB. Bí o bá yí i sí WebP tí o sì dín fífẹ̀ rẹ̀ kù, ó lè má pé 1MB, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ìyàtọ̀ lójú fóònù. Roll20 ọ̀fẹ́ kò ju 100MB lọ fún gbogbo ohun tí o bá gbé síbẹ̀, nítorí náà ìwọ náà yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. Fún ìjà kékeré, ọ̀rọ̀ ẹnu tó: “Àwọn méjì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ̀kẹta wà lórí àjà pẹ̀lú ọfà.” Owó tí o bá fi pamọ́, fi ra máíkì kan tó dára sáàárín tábìlì ní Sheffield. Nínú eré tí àwọn kan wà lójú kan tí àwọn kan wà lókèèrè, ohùn ló ń kọ́kọ́ bà á jẹ́. Ẹni mẹ́ta ń rẹ́rìn-ín pọ̀ nínú yàrá, ariwo lásán ni ti Ìbàdàn ń gbọ́, kò ní pẹ́ tí kò fi ní wá mọ́, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Kí o máa kọ́kọ́ bi àwọn méjì tó wà nílé léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, kí o tó bi àwọn tó wà níwájú rẹ.

Ní ti ìpàdé, ohun kan ló yẹ kí o fi sọ́kàn. Nàìjíríà kì í yí aago padà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń yí i ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹta àti Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago yín dọ́gba; nígbà òtútù, Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú. Aago méje alẹ́ Sheffield ní oṣù kejìlá, aago mẹ́jọ ni ní Ìbàdàn, eré wákàtí mẹ́rin á sì gbé e dé ọ̀gànjọ́ nígbà tí wọ́n lè ti múná lọ. Fi ìpàdé sórí Google Calendar tàbí Discord, tí oníkálùkù yóò ti rí aago ìlú tirẹ̀, kí WhatsApp jẹ́ ti ìránnilétí nìkan.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti sọ fún ọ pé kí ẹ kàn máa gba ohùn sílẹ̀ kí ẹ̀rọ sì máa kọ ọ́. Ètò aládàáṣe kan tó ń jẹ́ Craig lórí Discord ń gba ohùn oníkálùkù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n eré wákàtí mẹ́rin lè bí ọ̀rọ̀ tó lé ní 30,000, ta ni yóò kà á? Àwọn ẹ̀rọ tó ń yí ohùn sí ìwé kì í gbọ́ Yorùbá dáadáa, pàápàá irú èyí tí àwa ń sọ tí Gẹ̀ẹ́sì lù mọ́ ọn. Bí ẹ bá gbà á sílẹ̀, kí gbogbo yín kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀, kí o sì fi í ṣe ohun ìtọ́kasí nígbà tí àríyànjiyàn bá wà. Ohun tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí olùkópa kan jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, kó máa kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sínú Google Docs kan tí gbogbo yín lè kà. Tìrẹ ni àṣírí, tiwọn ni ohun tí wọ́n fojú rí. Nígbà tí o bá ka tiwọn, wàá rí ohun tí wọ́n kà sí pàtàkì, kì í sì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ohun tí ìwọ rò.

Ibì kan wà tí n kò lè dá ọ lóhùn. N kò mọ bóyá ìwọ fẹ́ràn àtikọ̀wé tàbí àtitò nǹkan, ìyẹn ló sì máa sọ bóyá Obsidian yóò bá ọ lára mu ju Docs lọ. Dán ọ̀kan wò fún ìjókòó eré mẹ́ta, má sì kó ìtàn ọdún tó kọjá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá tún jẹyọ lórí tábìlì ni kí o ṣí ojú ewé fún. Ní ti World Anvil, ṣí i lónìí, kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ jáde nígbà tí owó tí o san ṣì ń ṣiṣẹ́, fi sínú fódà kan tí o pè ní “Àtijọ́”, kí o wá pa ìsanwó aládàáṣe náà kí ọjọ́ tó tún pé.